Ọdún Mẹ́rin Tí Wọ́n Fi Kún Ọjọ́ Orí Àáfà Dosu

Ọkọ mi mọ ọ̀nà Amman ju bó ṣe mọ ọ̀nà ilé ìdáná wa lọ, bẹ́ẹ̀ Kútọnu ni ibi tó jìnnà jù lọ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ tẹ̀ rí. Ẹ bi í léèrè ibi tí a ń kó ṣíbí sí, á máa wò yín. Ṣùgbọ́n ẹ bi í pé ìwé wo ni wọ́n ń gbà lọ́wọ́ ọmọ tó fẹ́ ka ìmọ̀ òfin ní Kairo, tàbí oṣù wo ni wọ́n ń gba akẹ́kọ̀ọ́ tuntun ní Rabat, tàbí bóyá ẹni tí kò gbọ́ èdè Hébérù lè rí ẹ̀kọ́ kà ní Haifa, kí ẹ yáa fa àga jókòó, torí kò ní tètè parí.

Yẹ̀kínì Dosu ni orúkọ rẹ̀. Ọmọ Gun ni, ọmọ apẹja Ajido. Ajara là ń gbé, níbi tó ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní èdè Lárúbáwá nílé ẹ̀kọ́ sẹ́kọ́ńdìrì kan. Gbogbo àdúgbò ń pè é ní Àáfà Dosu. Bàbá Tiwa ni èmi ń pè é, torí Tiwalolúwa lọmọ wa. Èmi ni Yéjídé, ọmọ Èkìtì, ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì, iṣẹ́ fáìlì ni mò ń ṣe ní ilé ìwòsàn kékeré kan ní Àgbádárìgì. Tí ẹ bá gbọ́ tí obìnrin kan ń pariwo pé ta ló gbé káàdì síbi tí kò yẹ, èmi nìyẹn.

Ní gbogbo ọ̀sán Sátidé, ó máa ń gbé tábìlì sábẹ́ igi àgbọn iwájú ilé, àwọn tó fẹ́ lọ kàwé lókè òkun á sì tò síbẹ̀. Wọ́n ń wá láti Ajido, wọ́n ń wá láti Otto níbi tí kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́ wà. Ọ̀fẹ́ ni. Ẹnìkan á ní ilẹ̀ Íjíbítì lòun fẹ́, ọkọ mi á ní kí ló dé tí kò gbé Mòrókò yẹ̀ wò, ṣebí ìmọ̀ ẹja ló fẹ́ kà, òkun sì pọ̀ níbẹ̀. Á máa sọ ọ́ bíi pé òun jẹun níbẹ̀ láàárọ̀. Títí di òní, àwọn mọ́kànlá ti gba ìdí tábìlì yẹn lọ, mẹ́ta lára wọn sì ti padà wá di olùkọ́.

Òfin kan ṣoṣo ló wà nídìí tábìlì náà: má gbé ayédèrú ọjọ́ orí wá. Naheem, tó ń ta fóònù lójú títì Ajara báyìí, ló mọ òfin náà jù. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni nígbà náà, ó fẹ́ kí wọ́n kọ òun sí méjìlélógún. Ọkọ mi dá ìwé rẹ̀ padà fún un níwájú gbogbo èèyàn, ó ní kó lọ wá ẹlòmíràn tí yóò bá a purọ́. Odindi ọdún méjì ni Naheem kò fi kí wa. Èmi gan-an bínú sí ọkọ mi lọ́jọ́ náà, torí ó lè pe ọmọ ọlọ́mọ sẹ́yìn kó sọ ọ́ fún un jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́.

Ọ̀rọ̀ Hébérù wọlé wa nípasẹ̀ ọmọbìnrin Gun kan tó ń jẹ́ Mercy. Ó ní òun fẹ́ ka Bíbélì ní èdè tí wọ́n fi kọ ọ́, ṣé Àáfà mọ yunifásítì tó dára ní Ísírẹ́lì. Ọkọ mi dárúkọ Haifa, ó dárúkọ Jerúsálẹ́mù, ó ṣàlàyé títí. Ọmọ náà wá ní kó sọ díẹ̀ fún òun nínú èdè ọ̀hún kí òun gbọ́ bó ṣe ń dún. Àáfà kò mọ ẹyọ ọ̀rọ̀ kan níbẹ̀, ló bá ń to ìwé orí tábìlì. Ọdún kẹrìnlá rèé tí a ti fẹ́ra, mi ò rí i bẹ́ẹ̀ rí.

Láti ọjọ́ náà ló ti ń fi fóònù kọ́ Hébérù. Kò pẹ́ tó fi sáré wọ ilé ìdáná wá bá mi. Ó ní, “Yéjídé, ọwọ́ ń jẹ́ yad ní Lárúbáwá. Ní Hébérù náà, yad ni. Etí gan-an, ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n.” Mo ní kó gbé yad rẹ̀ kúrò lórí ọbẹ̀ mi. Kò gbọ́ mi, ẹ̀rín ló ń rín kiri ilé. Ó ní tí òun bá lè mọ èdè méjèèjì dáadáa, kò ní sí ọmọ kankan, Mùsùlùmí tàbí Kìrìsìtẹ́nì, tí yóò dé ìdí tábìlì òun tí yóò padà lọ́wọ́ òfo. Ojoojúmọ́ ló wá ń pe orúkọ ìkòkò, omi àti iyọ̀ lédè méjì lé mi lórí.

Ní oṣù kejì ọdún 2025 yìí, ó ti ilé ìwé dé lọ́sàn-án gangan, okùn bàtà rẹ̀ kan ń wọ́lẹ̀. Yunifásítì kan ní Amman, ní ilẹ̀ Jọ́dánì, ń wá àwọn olùkọ́ Lárúbáwá láti Áfíríkà fún ẹ̀kọ́ ọlọ́dún kan. Wọn yóò kọ́ wọn ní ọ̀nà tuntun tí a fi ń kọ́ni ní Lárúbáwá, wọn yóò sì kọ́ wọn ní Hébérù mọ́ ọn. Ó kà á fún mi lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ohùn rẹ̀ ń gòkè sí i. Èmi ti ń ro irú ẹ̀wù òtútù tí yóò wọ̀, torí mo ti gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ pé ibẹ̀ máa ń tutù. Ìgbà tó kà á lẹ́ẹ̀kẹrin ló rí ìlà ìsàlẹ̀: ẹni tó bá ti lé ní ọmọ ọdún márùndínláàádọ́ta kó má wulẹ̀ yọ ara rẹ̀ lẹ́nu. Ọkọ mi jókòó. Gbogbo ìwé ẹ̀rí rẹ̀ ló sọ pé oṣù kìíní ọdún 1979 ni wọ́n bí i, ìyẹn sì ti sọ ọ́ di ọmọ ọdún mẹ́rìndínláàádọ́ta.

Mo ní, “Ṣebí ẹ kò tó bẹ́ẹ̀ ní tòótọ́.” Mo mọ ìtàn náà, gbogbo Ajido ló mọ̀ ọ́n. Nígbà tiwọn, ọmọ tó bá fẹ́ wọ ilé ìwé gbọ́dọ̀ gbé ọwọ́ ọ̀tún kọjá àárín orí kó fi kan etí òsì. Tí ọwọ́ kò bá dé etí, ọmọ kò tíì tó. Dosu, tí wọ́n ní kò lè ju bí ọmọ ọdún mẹ́rin lọ, ń sunkún pé òun fẹ́ lọ ilé ìwé, ni bàbá rẹ̀ bá mú un lọ lọ́dún 1987. Ọwọ́ ọmọ dé àárín orí, ó dúró síbẹ̀. Bàbá ọkọ mi kò mọ̀wé, ṣùgbọ́n ó ti gbọ́ tí ọkùnrin tó wà níwájú rẹ̀ sọ pé ọmọ òun pé ọdún mẹ́jọ, tí wọ́n sì gbà á wọlé. Òun náà bá ní mẹ́jọ. Ó ní ọmọ náà kàn kúrú ni, pé apá kúkúrú wà nínú ìdílé àwọn. Tíṣà rẹ́rìn-ín, ó gbà á, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ yan oṣù kìíní ọdún 1979. Ohun tó kọ yẹn ló ń tẹ̀ lé ọkọ mi láti ìwé kan dé òmíràn títí di òní.

Mo ní kó lọ kọ́ọ̀tù lọ búra bí àwọn èèyàn ṣe máa ń ṣe. Àgbà kan nínú ẹbí á tọwọ́ bọ̀ ọ́, ọ̀rọ̀ tán. Ó ní rárá. “Ọjọ́ wo ni mo fẹ́ búra sí? Mi ò mọ ọjọ́ tí wọ́n bí mi. Màámi gan-an ò mọ̀ ọ́n. Ṣé kí n mú ọjọ́ tó wù mí, kí n tún padà lọ jókòó sídìí tábìlì yẹn? Kí ni màá sọ fún Naheem?”

Mo ní Naheem fẹ́ gé ọdún mẹ́rin tó ti lò kúrò, ọdún mẹ́rin tí ẹ̀yin ẹ fẹ́ yọ kúrò, ẹ kò lò ó rárá, ṣé nǹkan kan náà ni? Ó ní ẹni tó bá búra sí ohun tí kò mọ̀, irọ́ ló pa. Inú bí mi gidigidi. Agídí ọkùnrin yìí lè pa yín lẹ́rìn-ín tí kò bá kàn yín, ṣùgbọ́n ọjọ́ náà, ó kàn mí. Mò ń bu oúnjẹ rẹ̀ fún un, n kò bá a sọ̀rọ̀, fún ọjọ́ mẹ́ta gbáko. Òun náà kò ṣí Hébérù mọ́ lórí fóònù. Ó ń wọ ilé ìdáná bu omi, ó ń jáde, kò pe omi náà ní orúkọ kankan. Ìyẹn ló dùn mí jù nínú gbogbo rẹ̀.

Tọ́sìdeé ni ìforúkọsílẹ̀ yóò parí. Ní Túsìdeé, mo lọ sí Ajido lọ gba káàdì ìyá ọkọ mi, torí ẹ̀jẹ̀ wọn ń ru, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n sì ti wá sọ́dọ̀ wa nílé ìwòsàn tí wọ́n gbàgbé káàdì sílé. Mo bá wọn nídìí ààrò, wọ́n ń yí ẹja padà lórí iná. “A fọ́n gánjí à?” ni wọ́n wí, bí wọ́n ṣe máa ń fi èdè Gun bi mí bóyá mo jí dáadáa. Wọ́n ní kí n wọlé lọ ṣí àpótí, kí n wá káàdì náà fúnra mi.

Èmi kì í rí ìwé tó dàrú kí n má tò ó. Mo gbé àpótí náà jáde sí ẹ̀gbẹ́ wọn, mo to káàdì ìdìbò sọ́tọ̀, mo to fọ́tò sọ́tọ̀. Nísàlẹ̀ pátápátá, mo rí káàdì kan tó ti gbó, tí wọ́n fi òǹtẹ̀ ọsibítù Àgbádárìgì lù. Ìbejì, ọkùnrin méjì, ọjọ́ kejìlá oṣù kẹfà ọdún 1981. Ìyá ọkọ mi ní àwọn ọmọ òun Zinsu àti Sagbo nìyẹn. Wọ́n ní inú ilé ni Zinsu wáyé sí, ṣùgbọ́n Sagbo kọ̀, kò jáde, ni wọ́n bá fi ọkọ̀ ojú omi gbé àwọn dé Àgbádárìgì. Ìdí nìyẹn tí àwọn ìbejì fi ní káàdì. Ilé ni wọ́n bí àwọn ọmọ yòókù sí, kò sẹ́ni tó kọ nǹkan kan sílẹ̀ nípa wọn.

Mo ti fẹ́ dá káàdì náà padà kí ọwọ́ mi tó dúró. 1981. Iṣẹ́ mi ni kí n máa wo ọdún lórí káàdì. Mo ní, “Ìyá, ta lẹ kọ́kọ́ bí, àwọn ìbejì ni àbí ọkọ mi?”

Wọ́n wò mí bíi pé ooru iná ti mú mi lórí. “Kí ni wọ́n ń pe ọkọ rẹ?”

Dosu. Lọ́dọ̀ tiwa, Ìdòwú ni ọmọ tó tẹ̀ lé ìbejì. Lọ́dọ̀ àwọn Gun, tó bá jẹ́ ọkùnrin, Dosu ni, tó bá jẹ́ obìnrin, Dosi ni. Wọn kì í sọ ọmọ ní Dosu kí ìbejì tó dé. Gbogbo ayé ń pe ọkùnrin yìí ní Àáfà Dosu, òun fúnra rẹ̀ ń kọ ọ́ sórí ìwé lójoojúmọ́, orúkọ náà sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ 1979 lórí ìwé ẹ̀rí kan náà, kò sì sí ọ̀kan nínú wa tó rí i pé àwọn méjèèjì ń bára wọn jà. Ẹ̀rín pa mí títí mo fi jókòó sílẹ̀ nínú èéfín. Ìyá ọkọ mi rò pé nǹkan kan ń ṣe mí, wọ́n bu omi wá.

Mo gun ọ̀kadà láti Ajido dé ilé ìwé ọkọ mi, n kò tiẹ̀ rántí káàdì ẹ̀jẹ̀ ríru mọ́. Ó wà níwájú kíláàsì, ó ń kọ nǹkan sójú pátákó. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo ní, “Bàbá Tiwa, ẹ jọ̀ọ́, ta ló kọ́kọ́ wáyé, ẹ̀yin ni àbí Zinsu?” Àwọn ọmọ bú sẹ́rìn-ín. Ó bi mí bóyá kò sí nǹkan nílé. Mo na káàdì sí i. Ó kà á, ó tún un kà, ó wá rọra jókòó sórí tábìlì tíṣà.

“Káàdì yìí kì í ṣe tèmi,” ló wí nígbẹ̀yìn.

Mo ti mọ̀ pé yóò sọ bẹ́ẹ̀. Mo ní, “Káàdì kì í ṣe tiyín, orúkọ ni tiyín. Ẹ má búra. Ẹ má mú ọjọ́ kankan. Ohun tí a mọ̀ ni kí ẹ sọ, pé ẹ̀yìn oṣù kẹfà ọdún 1981 ni wọ́n bí yín. Bó ti wù kí ẹ tètè tẹ̀ lé wọn tó, ẹ kò lè tíì pé ọmọ ọdún márùndínláàádọ́ta.” Ó ń ka ìka. Mi ò fẹ́ràn kí n máa bẹ ọkùnrin, ṣùgbọ́n mo bẹ ọkọ mi níwájú àwọn ọmọ yẹn. Nígbà tó ka ìka tán, ó gbójú sókè, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ara mi sì wálẹ̀. Ó ní kí àwọn ọmọ jáde lọ ṣeré fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

Ọ̀sán ọjọ́ náà ló fi ìwé rẹ̀ ránṣẹ́ pẹ̀lú lẹ́tà kan ní Lárúbáwá. Kò fi nǹkan kan pa mọ́. Ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé ìwé ẹ̀rí òun ní 1979, pé bàbá òun ló sọ bẹ́ẹ̀ kí òun lè wọ ilé ìwé, pé káàdì àwọn ẹ̀gbọ́n òun rèé, ìdí tí wọ́n fi ń pe òun ní Dosu rèé, kí àwọn fúnra wọn ṣèdájọ́. Mo ní lẹ́tà náà ti gùn jù. Ó ní bí ọ̀rọ̀ ṣe rí gan-an ló gùn bẹ́ẹ̀. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, gbogbo Ajara ti gbọ́. Àwọn kan ní mọ́ṣáláṣí ń kùn pé kí ni Àáfà fẹ́ fi Hébérù ṣe, àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì mi sì ti ń fi ike ránṣẹ́ pé kó bá àwọn bu omi odò Jọ́dánì bọ̀.

Ọjọ́ Sọ́ńdè ni èsì dé, torí ọjọ́ Sọ́ńdè ni wọ́n ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ lọ́hùn-ún. Wọ́n fẹ́ bá a sọ̀rọ̀ lójú kọ̀ǹpútà ní Sọ́ńdè tó tẹ̀ lé e, ní aago mẹ́sàn-án àárọ̀ tiwa, kí àwọn ìbejì náà wà níbẹ̀.

Mi ò lọ ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ náà. Zinsu fi àwọ̀n rẹ̀ sílẹ̀ ní Ajido, Sagbo tó jẹ́ káfíńtà wọ ẹ̀wù tuntun wá. Ìyá ọkọ mi, tí ẹnikẹ́ni kò pè, ti dé ṣáájú gbogbo wọn. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ilé wa kò dára, ẹni tó sì gbé ẹ̀rọ íńtánẹ́ẹ̀tì wá fún wa ni Naheem. Ó ti gbọ́ pé Àáfà ní wàhálà ọjọ́ orí, ó ní kì í ṣe ohun tí wọ́n á ròyìn fún òun, òun gbọ́dọ̀ fojú ara òun rí i. Ọkọ mi fa àga kan sún mọ́ ọn, ó ní, “Naheem, jókòó.” Naheem sì jókòó.

Ọkùnrin méjì àti obìnrin kan ló yọ lójú kọ̀ǹpútà. Lárúbáwá ni wọ́n ń sọ, n kò gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n mo mọ ẹsẹ̀ ọkọ mi. Tí ẹ̀rù bá ń bà á, ẹsẹ̀ rẹ̀ á máa gbọ̀n lábẹ́ tábìlì. Nígbà tó tó bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹsẹ̀ náà dúró, ó wá ń fi ọwọ́ méjèèjì sọ̀rọ̀. Obìnrin náà yí sí Gẹ̀ẹ́sì, ó bi àwọn ìbejì pé ta ni àgbà nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Zinsu ní òun ni. Sagbo náà ní òun ni. Wọ́n ti ń ja ìjà yẹn láti kékeré. Ṣùgbọ́n àwọn méjèèjì nawọ́ sí Dosu pé àbúrò àwọn nìyí.

Ìyá ọkọ mi kò dúró kí wọ́n pè wọ́n. Wọ́n ti ki orí bọ iwájú kọ̀ǹpútà, wọ́n ń fi èdè Gun ro ẹjọ́ fún àwọn ará Amman: àwọn bí méjì, àwọn sinmi, àwọn wá bí eléyìí. Bàbá rẹ̀ ló purọ́ nílé ìwé, kí Ọlọ́run dárí jì í. Wọ́n gbé ọwọ́ tiwọn kọjá orí láti fi hàn wọ́n ibi tí ọwọ́ ọmọ náà dúró sí. Ọkọ mi ń túmọ̀ rẹ̀ sí Lárúbáwá, ojú ń tì í, ó sì ń rẹ́rìn-ín. Nígbà tó dé ibi ọwọ́ àti etí, ó sọ ọ́ ní Lárúbáwá, kò mọ ìgbà tó tún sọ ọ́ ní Hébérù, bó ṣe máa ń ṣe nínú ilé ìdáná mi. Obìnrin náà jókòó dáadáa. Ó bi í ní nǹkan kan ní Hébérù, ọkọ mi dáhùn, ó ṣì í, ó tún un ṣe. Obìnrin náà wá gbé ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ kọjá orí, ó ń wá etí òsì rẹ̀ kiri, àwọn ọkùnrin méjèèjì sì gbé tiwọn. Mi ò lè gbàgbé ìyẹn láéláé. “É nyọ́n,” ni ìyá ọkọ mi wí, ìyẹn ni pé ó dára, wọ́n sì dìde lọ wá oúnjẹ.

Nígbà tí gbogbo rẹ̀ parí, Naheem ní, “Àáfà, ẹ bá mi wá ìbejì tí èmi náà lè tẹ̀ lé.” Ọkọ mi ní kò sí ìbejì nílé wọn, kó má gbìyànjú ẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn ibì kan wà tí wọn kì í wo ọjọ́ orí, kó gbé ìwé rẹ̀ wá ní Sátidé. Ó sì gbé e wá.

Ọjọ́ mọ́kànlá la fi retí. Ní ọ̀sán ọjọ́ kọkànlá, èrò kún iwájú fèrèsé mi nílé ìwòsàn, ni mo rí ọkọ mi tó ń bọ̀, okùn bàtà rẹ̀ kan ń wọ́lẹ̀. Kò kí ẹnikẹ́ni. Ó na fóònù sí mi. Lárúbáwá ló wà níbẹ̀, mo ní ṣé mo gbọ́ ọ ni, kó kà á. Ó kà á, ó sì túmọ̀ rẹ̀ fún gbogbo èrò: wọ́n ti gba Yẹ̀kínì Dosu, oṣù kẹsàn-án ni ẹ̀kọ́ bẹ̀rẹ̀, ọjọ́ orí rẹ̀ kò lé torí ìbejì ló ṣáájú rẹ̀, kó lọ ṣe àyẹ̀wò ara kó tó gba físà.

Inú mi dùn, n kò lè sọ bó ṣe dùn tó. Àyà mi sì já lẹ́ẹ̀kan náà, torí ìgbà yẹn ló ṣẹ̀ṣẹ̀ yé mi pé odindi ọdún kan ni mo fi ọwọ́ ara mi lé ọkọ mi lọ. Ta ni yóò máa pe ìkòkò mi ní orúkọ méjì? Omi bọ́ lójú mi. Mo yíjú sẹ́yìn kí èrò má baà rí mi, mo fa páálí tuntun yọ, torí ẹni tó bá fẹ́ ṣe àyẹ̀wò gbọ́dọ̀ ní fáìlì, ọkọ mi kò sì ní ọ̀kan lọ́dọ̀ wa rí. Mo kọ Yẹ̀kínì Dosu sí i gàdàgbà. Mo wá bi í ní ohun tí mo máa ń bi gbogbo èèyàn.

“Ọmọ ọdún mélòó ni yín?”

Ó gbé ọwọ́ ọ̀tún kọjá àárín orí níwájú gbogbo aláìsàn, ó fi kan etí òsì, ó sì di etí náà mú. Mo ní kó jókòó, wọ́n ti gbà á sílé ìwé.